Igi Ọsàn Tí Wọ́n Fọ Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Àtàndá, ọkùnrin kan wà tó fọ ẹsẹ̀ igi ọsàn.

Má rẹ́rìn-ín. Jókòó dáadáa, kí o sì ṣí fìlà rẹ, torí ọ̀rọ̀ tí o bá wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí ẹbí rán ọ sí mi. Ẹ fẹ́ pe ìyàwó rẹ jáde lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà yóò sọ fún un pé ọmọ ni wọ́n ń fẹ́ nílé yín, pé bí kò bá lè bí i, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó padà síbi tí ẹ ti mú un wá. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ yóò le, ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n. Ìgbà náà ni èmi àbúrò bàbá yín, tí mo kù nílẹ̀ bí àgbà, n ó wá gbẹnu sí i. N ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún un di àmọ́dún. Mo dúró fún un." Òun náà yóò sunkún, yóò ṣèlérí, ẹ̀rù yóò bà á, oyún yóò sì dúró. Bí ẹ ṣe tò ó nìyẹn. Ẹ ti pín iṣẹ́ fún oníkálukú, ẹ sì ti fún mi ní tèmi láìbi mí.

N kò tíì dá ọ lóhùn. Gbọ́ ti ọkùnrin yìí ná.

Ó kọ́ ilé tuntun. Ilé náà dára, kò sẹ́ni tó kọjá tí kò yíjú wò ó. Àgbàlá rẹ̀ nìkan ló ṣófo. Ó wá rántí igi ọsàn kan tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, nílùú tí wọ́n bí i sí. Igi náà kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, òórùn òdòdó rẹ̀ a gba gbogbo ilé. Bó bá di ìgbà èso, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ a tẹ̀ dé ilẹ̀. Ìyá náà a máa bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Ó ní igi náà ló mọ gbogbo àṣírí òun, òun kò sì tíì gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò.

Ọmọ ní òun fẹ́ igi náà. Ìyá ní kó gbin kékeré, kó jẹ́ kó dàgbà níwájú rẹ̀. Ọmọ ní òun kò ní sùúrù fún kékeré. Èyí tó ti ń so lòun fẹ́, káwọn àlejò òun lè máa na ọwọ́ já a.

Ìyá wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n rọra gbé e o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọmọ ní òun ti gbọ́. O mọ bí ọmọ ṣe ń gbọ́.

Ó rí i pé bí òun bá gbẹ́ ilẹ̀ náà fẹ̀, igi yóò wúwo, nítorí náà ó gbẹ́ ẹ há. Gbòǹgbò tó bá gùn jù, ó gé e kó lè wọ ọkọ̀. Èyí kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe irú rẹ̀ tí igi sì yè é. Ohun tó ṣe nígbà tó dé ẹnu géètì ilé rẹ̀ ni n kò tíì gbọ́ pé ẹlòmíràn ṣe rí.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, a máa ń da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Ọkùnrin yìí ní igi òun náà ti di ìyàwó ilé. Ó ní ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà tí òun fi òkúta dídán tẹ́. Ó bu omi, ó mú kànìnkànìn, ó jókòó ti igi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gbòǹgbò rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí tí erùpẹ̀ ilẹ̀ ìyá rẹ̀ kò fi ṣẹ́kù lára rẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò náà funfun bí eyín. Àwọn tó dúró tì í pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní a ti fọ ẹsẹ̀ ìyàwó, kó wọlé kó wá bímọ.

Ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó fi sìmẹ́ńtì yí ìdí rẹ̀ ká kó lè mọ́ tónítóní, ó sì ń retí.

Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn èso wẹ́wẹ́ tó bá a wá rẹ̀ dànù. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, òdòdó kò yọ. Ọyẹ́ dé, ó lọ, òjò mìíràn rọ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ara ọkùnrin náà kò gbà á mọ́. Ẹni tó bá yà kí i, ọ̀rọ̀ igi ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹnìkan ní ebi ló ń pa á, kó da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ó dà á, ó tún dà á. Igi náà wá yọ ewé, ewé ńlá, dúdú, tó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Ewé náà ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi ń sùn sínú rẹ̀. Òdòdó kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Èyí gan-an ló wá bí i nínú jù. Nígbà tí igi náà rù, àánú rẹ̀ ń ṣe é. Nígbà tó sanra tí kò so, ó ní àrífín ni. Ó ní ó ń jẹ oúnjẹ òun, ó ń mu omi òun, ó ń dán létí géètì òun, kò sì fẹ́ fún òun ní nǹkan kan.

Níbẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń wí ni pé igi náà kò tíì so. Nígbà tó ṣe, ó ní kò so. Nígbà tó tún ṣe, ó ní ó kọ̀, kò fẹ́ so. Kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn, Àtàndá, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó fi máa débi tó ń lọ, ó ti ní igi náà yàgàn.

Nílùú tí ọkùnrin yìí ń gbé, àṣà kan wà fún igi tí wọ́n bá ti pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín á mú àdá, á pe àwọn aládùúgbò jọ, á sì ṣá igi náà lẹ́ẹ̀kan kí igi lè mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Á wá kígbe pé, "Igi yìí ò wúlò! Mo fẹ́ gé e!" Àgbà kan nínú ilé á sáré síta, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, "Jọ̀wọ́, má gé e. Mo dúró fún un. Yóò so lámọ́dún." Aládàá á yíjú sí igi, á ní, "Ṣé o gbọ́?" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mu omi, wọ́n á tú ká. Wọ́n gbà pé ẹ̀rù a máa ba igi, pé bí ẹ̀rù bá bà á, á so. Eré ni. Àmọ́ àdá kì í ṣe eré.

Ìyá ọkùnrin náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá ṣe onídùúró. Ta ló tún yẹ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni igi ti wá? Wọ́n ní kó wá bẹ̀bẹ̀ fún ọsàn rẹ̀.

Ó dé láàárọ̀, àwọn èèyàn sì ti pé. Wọn kò tíì gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi fa àdá yọ. Ó ṣá igi náà lẹ́ẹ̀kan, níhà ojú títì. Àdá wọlé jìn ju bó ti rò lọ, oje sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ó kígbe pé, "Igi yìí ò wúlò! Mo fẹ́ gé e!" Ó gbé àdá sókè, ó ń retí ìyá rẹ̀.

Ìyá kò sáré. Ó rìn. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dé ìdí igi náà, ó yí padà, ó sì fẹ̀yìn tì í. Oje igi lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Àdá ṣì wà lókè.

Ọmọ rọra sọ ọ́ kí àwọn èèyàn má baà gbọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ bẹ̀bẹ̀."

"N ò bẹ̀bẹ̀."

"Kẹ́ ẹ kàn wí pé ẹ dúró fún un ni. Pé yóò so."

Ìyá ní, "N ò dúró fún un. Kò rán mi níṣẹ́, kò sì ṣèlérí nǹkan kan fún ọ tí n ó fi máa bá a ṣe onídùúró. Iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí. Bí o bá fẹ́ gé e, ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ rèé." Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kan nínú àwọn aládùúgbò ní, "Màmá, ẹ ti ba eré jẹ́."

Ìyá dá a lóhùn pé, "Ẹ na ẹsẹ̀ tiyín wá ká ṣá a, ká wo bí eré ṣe ń dùn tó." Bàbá náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ sọ àdá kalẹ̀. Má rò pé ó ronú pìwà dà. Ojú ló tì í. Ó ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe fún un tí kò dáa? Mo fún un lómi, mo fún un lóúnjẹ. Mo tilẹ̀ fọ ẹsẹ̀ fún un kó tó wọlé."

"O fọ kí ni?"

"Ẹsẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe fún ìyàwó."

Ìyá dijú, ó là á. Ó ní, "Eruku ọ̀nà là ń fọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyàwó. A kì í bó awọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò, tí o fi kànìnkànìn họ dànù, ẹnu igi nìyẹn. Ibẹ̀ ló fi ń mu, ibẹ̀ ló fi ń jẹ. O họ ẹnu rẹ̀ dànù, o wá kó oúnjẹ kalẹ̀ síwájú rẹ̀, o ń bínú pé kò dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró, nísàlẹ̀ níbi tí ojú rẹ ò tó. Igi tó ń wá ẹsẹ̀ kò ráyè òdòdó. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹga ló ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Ìwọ ò gbọ́ èdè igi, o ní ó kọ̀. Kò kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Ewé tó yọ ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ adìẹ, ewé ló ń bọ́. Ohun tí o bọ́ lo rí yẹn."

Ó ní kí wọ́n gbé dígà wá. Ọmọ ní bí wọ́n bá fọ́ sìmẹ́ńtì náà, ẹwà ọgbà yóò bàjẹ́. Ìyá ní kó bàjẹ́. Ó fọ́ ọ fúnra rẹ̀, obìnrin àgbà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú òkúta dídán. Ẹni tó bá na ọwọ́ láti gba dígà, ó fi ìgúnpá lé e sẹ́yìn. Nígbà tó tún padà wá láti ìlú rẹ̀, erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló rù dé nínú abọ́ ńlá. Ó gba ẹnu géètì wọlé níṣojú àlejò, erùpẹ̀ náà ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ fẹ́ mú ọwọ̀. Ìyá ní ẹni tó bá gbá erùpẹ̀ náà, òun àti òun ni. Ó kó o sí ìdí igi, ó fi ewé gbígbẹ bò ó, ó fi amọ̀ dí ojú ọgbẹ́. Ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Orúkọ tí o pè é níṣojú àwọn èèyàn yìí, àwọn kan náà ni kí o pè jọ, kí o gba orúkọ yẹn padà."

O ti ń mira lórí àga. Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí. O fẹ́ mọ̀ bóyá igi náà padà so. Wo bí o ṣe jọ ọkùnrin yẹn! Gbogbo ohun tí mo sọ, èso lo ṣì ń wò.

Ó so. Àkọ́rọ̀ òjò kan rọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ mọ́, òórùn òdòdó sì jí gbogbo wọn nínú ilé. Ó so títí ẹ̀ka fi tẹ̀. Inú àwọn aládùúgbò dùn, wọ́n ní àdá ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ló mú un so. Irọ́ ni wọ́n pa. Ẹ̀ka tó wà níhà ojú títì, níbi tí àdá ti wọlé, kò yọ òdòdó kan títí dòní. Ewé nìkan ló wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti bà á gan-an ni kò ti so.

Bí kò bá sì so rárá ńkọ́? Ìyá yẹn ì bá ṣì fẹ̀yìn tì í. Iwájú igi ló dúró sí, kì í ṣe iwájú èso.

Ọ̀rọ̀ wá kàn ọ́ báyìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ mú ọmọbìnrin yẹn wá, mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo da omi sí i lẹ́sẹ̀. Omi tútù ni mo bù, eruku ọ̀nà ni mo sì fọ̀. Ẹ̀yin lẹ fọ ìyókù. Ó ń yan búrẹ́dì nílùú wọn, àwọn èèyàn a sì máa tò síwájú ààrò rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ ní èéfín ààrò kò yẹ aya ilé yín. Ó ń kọrin nínú ìjọ rẹ̀. Ẹ ní ìjọ tiyín ni kó máa lọ, ẹ sì ní akọrin ibẹ̀ ti kún. Ẹ ní kó má tíì lọ kí ìyá rẹ̀ títí tí yóò fi lóyún, pé ìyàwó tó bá ń wo ẹ̀yìn kì í fìdí múlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. "Ìyàwó" ni tọmọdé tàgbà ń pè é nílé yín. Lẹ́yìn náà ẹ ra aṣọ fún un, ẹ bọ́ ọ, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, ẹ wá ní àrífín ni. Ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ láti orí "kò tíì bí". Mo gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ obìnrin pè é níta gbangba lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Ohun kan tún wà, n ó sì sọ ọ́ torí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́ fún ọ. Gbogbo yín lẹ ti yẹ igi wò. Ó ti mu àgbo yín, ó ti gba ààwẹ̀ yín, àwọn dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ta ló yẹ ilẹ̀ wò, Àtàndá? Àwọn dókítà ní kí ìwọ náà wá. O lọ? Má wo òrùlé. N kò bú ọ. Ilẹ̀ kì í tijú pé a gbẹ́ òun wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ wò, kí ló ń fi àdá ṣe?

Padà lọ sọ fún àwọn tó rán ọ. Sọ pé n ó wá lọ́jọ́ Àìkú. N ó tètè dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi àyè onídùúró sílẹ̀ dè mí. N kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. N kò ní sọ pé yóò bí lámọ́dún, nítorí n kò mọ̀, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀. Àga tèmi, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, ibẹ̀ ni n ó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde, orí ẹsẹ̀ mi ni yóò gbà kọjá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ sì rántí pé èmi ni mo pọ̀n ọ́n.

Dé fìlà rẹ. Bí o bá délé, má pe ọmọbìnrin yẹn ní ìyàwó lónìí. Ìbíyẹmí ni wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀. Pè é bẹ́ẹ̀. Ó lè má dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Má kígbe mọ́ ọn, má sì ní ó kọ̀. Dúró.